Kì í Ṣe Gbogbo Kàǹga Tó Dí Ni Ọ̀tá Dí

  

*Bíbélì kíkà:* Gẹ́nẹ́sísì 26:12-22; Ẹ́kísódù 21:33-34

Ísáákì fúnrúgbìn ní ọdún ìyàn, Ọlọ́run bù kún un, àwọn ará Fílístínì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jowú rẹ̀. Gbogbo kàǹga tí àwọn ìránṣẹ́ bàbá rẹ̀ gbẹ́ ni wọ́n ti rọ erùpẹ̀ kún. Nígbà tó dé àfonífojì Gérárì, ó tún wọn gbẹ́, ó sì dá orúkọ tí Ábúráhámù sọ wọ́n padà fún wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré sí nínú ìtàn yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀tá. A ó dìde, a ó pàtẹ́wọ́, a ó ní kí Fílístínì tó dí kàǹga wa ṣubú lulẹ̀. Mi ò ní kò dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn. Ábúráhámù ti kú nígbà náà. Báwo ni Ísáákì ṣe mọ orúkọ kàǹga kọ̀ọ̀kan? Ẹnìkan ní láti sọ fún un, bóyá bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, bóyá àwọn darandaran àgbà. Ẹni tó mọ orúkọ kàǹga ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n máa ro èyí ni pé, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn níbí ní Ifẹ̀-Olúkòtún, arábìnrin kan ń ṣán ilẹ̀ tó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ àgbà. Àdá bá pákó. Pákó náà ti jẹrà, koríko ti bò ó mọ́lẹ̀. Kàǹga ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ju òkúta sí i, ó gbọ́ ìró omi. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa ní Yàgbà, bí àpáta ṣe pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ kàǹga ṣe máa ń gbẹ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Ẹni tó rí omi lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jó! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ti gbé okùn dé, wọ́n ní kí n wá gbàdúrà kí àwọn lè wọlé lọ kó ìdọ̀tí rẹ̀.

Mo gbàdúrà. Mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀.

Inú wọn ò dùn. Ọ̀kan ní, "Ajíhìnrere, ṣebí ẹ ti gbàdúrà, kí ló tún kù?"

Afẹ́fẹ́ ló kù. Kàǹga tí wọ́n ti bò fún ọ̀pọ̀ ọdún, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń mí níta. Ewé àti igi tó ń jẹrà nísàlẹ̀ máa ń lo èyí tó dára tán, wọ́n á tú èyí tí kò dára sílẹ̀, á sì jókòó síbẹ̀. Ojú kì í rí i, imú lè má gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lè dákú kó tó ráyè kígbe. Ẹni tó dúró lókè á rò pé ẹsẹ̀ ló yọ̀, á sáré wọlé lọ gbé e, òun náà á ṣubú. Ẹni kẹta á tún wọlé. Bí kàǹga kan ṣe ń pa ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ́jọ́ kan náà nìyẹn, a ó wá máa sọ pé ẹ̀mí àìrí ń gbé inú rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ àtùpà kalẹ̀ wò. Bí àtùpà bá kú, òótọ́ ni, ewu wà. Ṣùgbọ́n bí kò bá kú ńkọ́? Afẹ́fẹ́ olóró wà tí kì í pa iná, òmíràn tiẹ̀ lè gbaná. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ elépo sọ̀kalẹ̀ sínú kàǹga láti fa omi. Èéfín rẹ̀ ń pani. Bí ẹnìkan bá ti jìn sí i, ẹ ju okùn sí i, ẹ figbe ta, ẹ má tẹ̀lé e wọlé.

Lórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, Sátánì ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀, ó tiẹ̀ rí ẹsẹ Bíbélì tó fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Jésù kò bẹ́. Ta ló máa sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré?

Iṣẹ́ tí a ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ẹ́kísódù 21. Òfin ní ẹni tó bá ṣí kòtò sílẹ̀ láìbò ó, tí màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá jìn sí i, òun ni yóò san án. Ọlọ́run ò béèrè bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀. Bí ẹran bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ èèyàn tó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé ìwé ńkọ́? A to pákó tó nípọn lé e, a fi igi ṣọgbà yí i ká, a sì sọ fún gbogbo ojúlé tó wà nítòsí.

Ọjọ́ kejì la lọ bá àwọn àgbà. Ìyá kan ní kò sí ẹni tó ṣe ibi sí kàǹga náà. Wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá sí ilé kejì ni, omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ni wọ́n bá bò ó. Ẹ gbọ́ o! À ń múra àtidá Fílístínì lẹ́jọ́, ṣáláńgá ni.

Ní ọdún 1854, onígbáméjì pa ohun tó ju 500 ènìyàn láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ní àdúgbò Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà John Snow sọ pé omi kàǹga àdúgbò náà ni. Àlùfáà kan, Henry Whitehead, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọ St Luke's níbẹ̀, kò gbà. Ó ń lọ láti ilé dé ilé kó lè fi hàn pé dókítà ṣìnà. Ìwádìí òun gan-an ló wá fìdí ọ̀rọ̀ Snow múlẹ̀: omi tí wọ́n fi fọ ìlédìí ọmọ kan tó ń ṣàìsàn ni wọ́n dà sínú kòtò ìgbẹ́ tí ògiri rẹ̀ ti sán, tí kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí kàǹga. Omi yẹn dùn lẹ́nu o. Obìnrin kan tó ti kó lọ sí Hampstead ṣì ń ránni wá bu ú, torí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó mu ún, ó kú. Mo fẹ́ràn àlùfáà yẹn. Ó jẹ́ kí òtítọ́ yí òun lérò padà.

Èlíṣà náà, nígbà tí omi Jẹ́ríkò burú, orísun omi ló lọ da iyọ̀ sí, kì í ṣe inú ìkòkò oníkálukú (Àwọn Ọba Kejì 2:19-22). Bí a bá da oògùn apakòkòrò sí kàǹga lónìí tí ṣáláńgá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí la ṣe? Àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń ní kó jìnnà tó 30 mítà, ó kéré tán. Nítorí náà a ti ránṣẹ́ sí àwọn wolé-wolé ní Ìsánlú kí wọ́n wá wò ó. Agbẹ́kàǹga tó mọṣẹ́ ni yóò fọ̀ ọ́, a ó mọ ògiri yí ẹnu rẹ̀ ká, a ó ṣe ìdérí, garawa kan ṣoṣo ni yóò máa wọ ibẹ̀. Títí wọn ó fi yẹ omi náà wò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu ún, a ò sì ní bu ú wọ́n ẹ̀fọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan wà lórí àtòjọ yìí tí wọ́n ń rọ̀ pé kó padà sí ilé tó sá kúrò torí lílù. Wọ́n ní ọ̀tá ló dí kàǹga ìgbéyàwó rẹ̀, kó ṣáà gbàdúrà kó wọlé. Arábìnrin mi, kọ́kọ́ béèrè ohun tó dí i. Bóyá ohun náà ti kúrò níbẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń rọ̀ ọ́, ṣé ẹ ti yẹ afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ wò? Ẹ jẹ́ kó dúró lókè títí a ó fi mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kàǹga wa kò tíì parí. Onílé kejì ní bàbá àgbà òun wà lára àwọn tó gbẹ́ ẹ, òun ò sì ní dí ṣáláńgá òun torí omi tí òun kò ní pín nínú rẹ̀. Ẹ́sẹ́kì àti Sítínà la ṣì wà, a ò tíì dé Réhóbótì. Arábìnrin wa ti lọ kí i lẹ́ẹ̀mejì, yóò tún lọ lálẹ́ òní.

*Àdúrà:* Bàbá, fi ẹnu tútù rán ọmọbìnrin rẹ lọ lálẹ́ òní, sì rọ ọkàn ẹni tó ń lọ bá. Ṣọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa lẹ́bàá gbogbo kòtò tí a kò tíì rí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

*Ìkéde:* Ẹni tó bá mọ kàǹga àtijọ́ mìíràn tí koríko ti bò nílùú, kó jọ̀ọ́ pè wá kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Pákó wà nílẹ̀.