Ṣé Iṣẹ́ Yòówù Ni Kí Ọmọ Mú?

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́ tí kò rí iṣẹ́ tó bá a mu, ṣé ó tọ́ kí a ní kó mú èyíkéyìí tó bá yọjú?

Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2014, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ti san ₦1,000 lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n. Ní Àbújá àti ní ìlú mìíràn, àwọn kan kú nínú ìfúnpọ̀ èrò. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò burú kí ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ránṣọ ná. Ohun tó burú ni kí a sọ fún un pé ibẹ̀ ni ìrètí rẹ̀ pin sí. Bàtà tó fúnni lẹ́sẹ̀ kì í jẹ́ ká rìn jìnnà.

Ẹ jẹ́ ká yé fi “Ṣé o ti ríṣẹ́?” kí ọmọ lójoojúmọ́. Ká bi í pé, “Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe? Ta la lè mú ọ lọ bá?” Ọmọ tí a bọ̀wọ̀ fún nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo kò ní ta iyì rẹ̀ nítorí owó oṣù.