Igi Gígé, Ìbọn Ọdẹ, àti Ogun Àwọn Bàbá Wa

Ẹsẹ Ìwé Mímọ́ fún àṣàrò: Deuteronomi 19:1-10, Ìṣe Àwọn Àpósítélì 28:1-3

 

Oṣù January ni a máa ń ṣe ìrántí àwọn ológun ní ilẹ̀ wa. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni a yà sọ́tọ̀ fún un, nítorí pé ní ọjọ́ náà ní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Oṣù yìí kan náà ni ọyẹ́ máa ń mú ní Kàdúná, tí igi máa ń gbẹ, tí àwọn ènìyàn sì máa ń wọ igbó lọ wá igi ìdáná. Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ so ọ̀ràn méjèèjì pọ̀, nítorí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin wa, tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú ìdúpẹ́ ọdún tuntun, díẹ̀ nínú wa, àgbà àti ọ̀dọ́, lọ sí igbó lẹ́yìn ìlú láti gé igi tí àwọn ìyá wa yóò fi dáná àsè. A mú àáké àti àdá dání. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa mú ohun mìíràn wá: ìbọn ṣakabùlà tí bàbá bàbá rẹ̀ fi ń ṣọdẹ nílé. Ó ní nítorí àwọn ajínigbé ni. A rí i, a kò sì bá a wí. Kí a má parọ́ níwájú Ọlọ́run, ọkàn àwọn kan nínú wa tilẹ̀ balẹ̀ nígbà tí wọ́n rí ìbọn náà.

Nígbà tí ó di ìyálẹ̀ta, koríko gíga kan mì ní iwájú wa. Ọmọ náà gbé ìbọn lé èjìká, ó sì ti fi ìka kàn án. Alàgbà kan ni ó kígbe, tí ó sì ti ẹnu ìbọn náà sókè. Ohun tí ó jáde láti inú koríko ni ọmọdékùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 10 lọ, ó ru ìdì igi lórí. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi èdè Hausa kí wa pé, "Sannunku da aiki." Ẹ kú iṣẹ́ ni ó ń kí wa. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nínú wa. Ọmọ náà kò wá pa ẹnikẹ́ni. Igi ni ó wá wá, gẹ́gẹ́ bí àwa náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé ń gégi nígbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Ará, ní ọjọ́ náà, àwa àgbà mọ ibi tí igi yóò wó sí, a sì dákẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Mósè kọ sílẹ̀. Ó sọ nípa ọkùnrin kan tí ó bá aládùúgbò rẹ̀ wọ igbó lọ gé igi. Kò sí ìjà láàrin wọn, kò sí ìríra láti ẹ̀yìn wá. Ṣùgbọ́n bí ó ti gbé àáké sókè, irin rẹ̀ yọ kúrò lára igi tí a fi bọ̀ ọ́, ó bá ẹnì kejì rẹ̀, onítọ̀hún sì kú. Kí ni Ọlọ́run wí? Kò wí pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí a ya ìlú mẹ́ta sọ́tọ̀, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sá lọ síbẹ̀ kí ó sì yè. Ó tún pàṣẹ ohun kan tí àwa a máa kà kọjá: pé kí a tún ọ̀nà ìlú wọ̀nyí ṣe. Ará, kì í ṣe ọjọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni a ń la ọ̀nà ààbò. A gbọ́dọ̀ ti là á sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Bí ìbọn náà bá tilẹ̀ dún, àṣìṣe ni ìbá jẹ́." Ẹ ṣọ́ra. Ẹ lọ ka Eksodu 21, ẹsẹ 28 àti 29. Bí màlúù bá kan ènìyàn pa, tí olówó rẹ̀ kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a máa kàn, ọrùn olówó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kìlọ̀ fún un, tí kò sì so ó mọ́lẹ̀, ẹ̀bi náà di tirẹ̀. Àwa ti gba ìkìlọ̀ tiwa nínú igbó ní ọjọ́ Sátidé náà. Láti ọjọ́ náà lọ, a kò lè sọ mọ́ pé a kò mọ̀.

Ó yẹ kí a rántí àwọn tí ó ni ìbọn náà ṣáájú wa. Gbogbo wa ní Kàdúná ni a mọ bárékè Dalet àti bárékè Kalapanzin, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti bèèrè ohun tí orúkọ wọ̀nyí jẹ́? Kì í ṣe èdè Hausa, kì í sì í ṣe Yorùbá. Orúkọ ibi tí àwọn bàbá wa ti jagun ní ilẹ̀ Bọ́mà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Letmauk ní Ìbàdàn àti Arakan ní Àpápá. Nígbà ogun Hítílà, tí ó jà láti 1939 sí 1945, a kó àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú àwọn ará Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jọ sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, a sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sí Ìlà-oòrùn ayé láti bá àwọn ará Japan jà.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀. Igi ni wọ́n gé. Ní òpin 1943 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1944, ẹgbẹ́ 81 la ọ̀nà gba orí òkè àti inú igbó dúdú kí wọ́n tó lè dé àfonífojì odò Kaladan. Ọ̀nà náà gùn tó máìlì 75, ọwọ́ ni wọ́n sì fi là á. Títí di òní a ń pè é ní Ọ̀nà Àwọn Ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n wọ àfonífojì náà tán, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, àwọn aláàárù ológun a sì gbé e lé orí, wọn a máa tọ ẹ̀yìn àwọn jagunjagun lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó padà wálé ni kò fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá ọ̀kan nínú wa lọ sí Bọ́mà. Bí àwọn ọmọ bá bi wọ́n léèrè nípa ogun, wọn a dìde, wọn a mú àáké, wọn a lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ la igi, igi tí ìyá kò tíì bèèrè. Àwọn ọmọ a máa ka igi náà bí ó ti ń là, títí bàbá yóò fi jókòó padà. Ọdẹ sì ni bàbá yìí. Àjà ni ìbọn wọn máa ń wà, kì í sí ẹ̀tù nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá wà nílé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú ọmọkùnrin wọn lọ sí igbó ọdẹ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún un: "Ohun tí o kò bá rí ojú rẹ̀, má yìnbọn sí i." Ọmọ náà rò pé ẹran ni bàbá ń sọ. Ìgbà tí òun náà di bàbá ni ó tó yé e pé ó lè jẹ́ pé ènìyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan nínú àwọn ológun wọ̀nyí, kí a fi ìtàn rẹ̀ kọ́gbọ́n. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1942, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni a fi í sí. Ní March 1944, àwọn ọmọ ogun Japan yọ sí wọn ní etí odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kú. Ọta fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì tún bà á ní ikùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, tí òun náà fara gbọgbẹ́, wà nínú igbó, wọn kò lè rìn lọ síbì kan. Ta ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́? Àgbẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman, Mùsùlùmí ará ibẹ̀, ni ó ń fún wọn ní oúnjẹ, tí ó sì wá gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí àwọn ará Japan bá mọ̀, wọn ìbá pa á pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni èyí fi rí bẹ́ẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun tiwọn fi dé ní December 1944.

Isaac Fadoyebo padà wálé. Ó di arúgbó, ó sì kọ ìtàn náà sínú ìwé tí a tẹ̀ ní 1999. Ní 2011, akọ̀ròyìn kan, Barnaby Phillips, bá a mú ìwé ìdúpẹ́ lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n a rí ìdílé rẹ̀, a sì ka ìwé náà sí wọn létí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, bàbá náà sùn.

Ará, kò ha dà bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Pọ́ọ̀lù ní Mẹ́lítà? Ọkọ̀ rẹ̀ fọ́, òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, àwọn ará erékùṣù tí kò mọ èdè rẹ̀ tí wọn kò sì sin Ọlọ́run rẹ̀ ni ó dáná fún un láti yá. Àpósítélì ńlá náà sì bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa igi jọ sínú iná náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Bí Shuyiman bá ti rí ohun tí ó ń mì nínú igbó, tí ó sì wí nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀tá ni, kí a pa á, ìdílé kan ní Emure-Ile ìbá ti ṣọ̀fọ̀ ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wo ojú wọn.

Ìran tí Shuyiman ti wá, tí a ń pè ní Rohingya, ni a lé kúrò ní ilẹ̀ wọn láti August 2017, tí ó ju 700,000 ènìyàn lọ tí ó sá wọ Bangladesh. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ orúkọ wọn, ẹ má ṣe wí pé kò kàn wá. Gbèsè wọn wà lọ́rùn ọmọ Yorùbá.

Ní Kàdúná níbí, a rántí February 2000. A rántí èéfín, a rántí odò tí ó di ààlà láàrin ará àti ará, a sì rántí ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kó wá sí apá ìhín. Àwọn tí ó ṣọ̀fọ̀ nígbà náà mọ ọgbẹ́ wọn, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tán. Nínú wa ni ẹni tí ó wà láàyè nítorí pé Mùsùlùmí aládùúgbò rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sí ìyẹ̀wù. Nínú wa sì ni ẹni tí ó fi Mùsùlùmí pamọ́ sábẹ́ ibùsùn tirẹ̀. Ìlú ààbò ni àwọn ilé wọ̀nyí jẹ́. Ta ni ó ti lọ tún ọ̀nà ibẹ̀ ṣe láti ìgbà náà?

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ lóru. Ìbẹ̀rù ajínigbé kì í ṣe àlá. A ti san owó, a sì ti sunkún. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí ó di ìbọn mú kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ tí ó ru igi. Nítorí náà, a bẹ̀ yín nínú Olúwa:

Èkíní, ẹni tí ó ní ìbọn nílé, kí ó wá ìwé àṣẹ rẹ̀. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti wà láti 1959, ó sì kan ṣakabùlà pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ, kí ó lọ bá àwọn alàgbà, kí wọ́n bá a lọ sọ́dọ̀ ìjọba.

Èkejì, kí a má ṣe mú ìbọn lọ sí ibi igi gígé mọ́. Kí a lọ ní ọ̀pọ̀, ní ojú ọ̀sán, kí a sì kọ́kọ́ kí onílẹ̀. Ẹni tí ó ti kí ènìyàn kò ní ṣì í mú fún ẹranko.

Ẹ̀kẹta, kí a dá igi eléso sí. Nínú Deuteronomi 20:19, Ọlọ́run kọ̀ fún àwọn ọmọ ogun pàápàá láti gé igi eléso nígbà tí wọ́n bá dó ti ìlú. Igi igba àti igi ẹ̀mí tí ó wà nínú igbó yìí, oúnjẹ ẹlòmíràn ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín lọ sí ogun, ẹ sọ ìtàn wọn fún àwọn ọmọ yín, pẹ̀lú ohun tí ó dùn wọ́n. Ọmọ tí ó jogún ìbọn láì jogún ìtàn rẹ̀, ìdajì ogún ni ó gbà, ìdajì tí ó léwu.

Ọ̀dọ́kùnrin wa ti gbé ìbọn náà wá fún àwọn alàgbà fúnra rẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. Ẹ má ṣe pẹ̀gàn rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wa ni ó rù. Ìdì igi méjì nínú èyí tí a gé ní ọjọ́ náà ṣì wà lẹ́yìn ilé ìsìn. A ti wádìí ilé ọmọdékùnrin náà. Lẹ́yìn ìsìn òní, a ó gbé igi náà lọ fún ìyá rẹ̀, a ó sì dá a lóhùn ìkíni tí ó kí wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó dúró.

Kí Ọlọ́run Ábúráhámù, tí ó dá ọwọ́ bàbá dúró lórí ọmọ tí ó ti ru igi gun òkè, kí ó máa dá ọwọ́ wa dúró. Kí ó tu àwọn tí ogun mú ẹni wọn lọ nínú. Kí ó sì fi àlàáfíà fún ìlú Kàdúná àti fún gbogbo ilẹ̀ wa, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.