Ẹwà Ahoro

Ọ̀nà kan wà ní erékùṣù Raasay, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Skọ́tílándì, tí kò le rárá láti rìn. Arúgbó tó ń tẹ̀pá lè rìn ín, ọmọdé sì lè sáré lórí rẹ̀. Láti North Fearns, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti parí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko tútù sì bò ó mọ́lẹ̀. Òkun wà ní apá ọ̀tún, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè wà ní apá òsì, àwọn òkè Applecross sì ń wo aláàárẹ̀ láti òdìkejì omi bí àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìrìn bí wákàtí kan ni láti ibẹ̀ dé Hallaig. Mo rìn ín ní oṣù kẹfà ọdún 2018, nígbà tí oòrùn ilẹ̀ náà kì í fẹ́ wọ̀ bọ̀rọ̀, n kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè tí ìrìn náà bi mí títí di òní.

Ìbéèrè náà nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn máa gbádùn ẹwà ibi tí ó jẹ́ pé ìyà àwọn ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́ di arẹwà?

Nígbà tí mo yí igun ilẹ̀ tó yọ sínú òkun, mo bá òkítì òkúta kan tí a tò jọ ní ìrántí, tí a kọ ewì sí lára ní èdè Gaelic àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Somhairle MacGill-Eain, ọmọ bíbí erékùṣù náà, tí a bí ní Osgaig ní 1911 tó sì di olóògbé ní 1996, ni ó kọ ọ́. Orúkọ abúlé náà ni ó fi sọ ewì rẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1954. Igi ni àwọn ọmọbìnrin abúlé náà dà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn òkítì yìí ni igbó kékeré kan wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni odò tó tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn odò ni àwọn ilé. Ilé ni mo pè wọ́n, ṣùgbọ́n ògiri òkúta lásán ni wọ́n, láìsí òrùlé, láìsí ìlẹ̀kùn. Àgùntàn kan dùbúlẹ̀ ní ibi tó yẹ kí ààrò wà. Mo jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà kan, mo mú búrẹ́dì jáde nínú àpò mi, mo sì wí nínú ọkàn mi pé, áà, ibí yìí mà dára o.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu ọkàn mi ni ojú tì mí. Nítorí mo mọ bí ibẹ̀ ṣe di ibi ìdákẹ́jẹ́. Ní àwọn ọdún 1840, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Rainy ra erékùṣù náà, nígbà tí gbèsè ti gbà á lọ́wọ́ ìdílé MacLeod tó ti ń jẹ olóyè níbẹ̀ láti ayébáyé. Láàrin 1852 sí 1854, ó lé àwọn ará abúlé tó lé ní mẹ́wàá kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn kí àgùntàn lè rí koríko jẹ. Àwọn kan wọkọ̀ lọ sí Ọsirélíà. Àwọn tó kù fún ara wọn mọ́ orí àpáta ní ìhà àríwá, Rainy sì mọ ògiri òkúta la erékùṣù náà já láti há wọn mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba wá gbọ́ ẹjọ́ àwọn tálákà ní 1883, wọ́n jẹ́rìí pé ọkùnrin yìí tilẹ̀ fòfin de ìgbéyàwó.

Níbo ni owó tó fi ra ilẹ̀ náà ti wá? Demerara ni, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Guyana lónìí, níbi tó ti ṣòwò ṣúgà tí àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú fi ẹ̀jẹ̀ wọn gbìn. Nígbà tí òfin 1833 dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn olówó ẹrú; kọ́bọ̀ kan kò kan ẹrú. Rainy wà lára àwọn tó gbowó. Mo ti rò pé àlejò lásán ni mo jẹ́ ní Hallaig. Àṣé owó orí àwọn ènìyàn tó jọ mí ni ó ra ilẹ̀ tí mo jókòó lé.

Àwọn àgbà wa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe náà dùn, ṣùgbọ́n kò bá ibí yìí mu, nítorí ọba yóò tún ilé rẹ̀ kọ́. Ta ni ó tún Hallaig kọ́?

Ẹnìkan lè sọ fún mi pé òkun kò ṣẹ̀, òkè kò ṣẹ̀, ẹwà wọn sì ti wà kí Rainy tó dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkun nìkan ni ó wù mí, ìdákẹ́jẹ́ náà wù mí, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ni Rainy ṣe. Ní òpópónà tí ọmọdé ń ké, tí ajá ń gbó, tí ìyá kan ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun, n kì bá tí jókòó pẹ̀lú búrẹ́dì mi.

Mo rò pé èdè wa ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀ níhìn-ín. Yorùbá kì í pe ibi tí ènìyàn ti gbé rí ní igbó tàbí aginjù. Ahoro ni à ń pè é, bí igi tilẹ̀ ti bò ó tó ibi tó bò ó dé. Ọ̀yọ́ Ilé ti ṣófo láti àwọn ọdún 1830, inú ọgbà ẹranko ìjọba ni ó sì wà báyìí, síbẹ̀ kò sí àgbà tó jẹ́ pe ibẹ̀ ní igbó lásán. Àwọn ènìyàn tó lọ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní tèmi, kì í ṣe ẹni tí ahoro dára lójú rẹ̀ ni ó ṣẹ̀ bí kò ṣe ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ tó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí.

Ìyá àgbàlagbà kan tí a jọ dúró de ọkọ̀ ojú omi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bi mí bóyá mo rí èsìsì. Mo ní mo rí i, pé ó jó mi lẹ́sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí eérú àti ààtàn bá ti bọ́ ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ni èsìsì ti ń fẹ́ hù. Pé ibikíbi tí mo bá ti rí i lẹ́bàá ògiri, kí n mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ẹnìkan ni.

Síbẹ̀, kí n má tan ara mi. Ìmọ̀ kò ná mi ní nǹkan kan. Òfin ilẹ̀ Skọ́tílándì ti 2003 fún èmi àjèjì ní ẹ̀tọ́ láti rìn káàkiri ibẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí n kò bá ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n kò dá iná ààrò kankan padà. Mo mọ ìtàn, mo káàánú, mo sì jẹ búrẹ́dì mi tán.

Calum MacLeod ni mo máa ń fi ara mi wé. Àgbẹ̀ ni, ó sì ń pín lẹ́tà. Arnish ni ó ń gbé, ní ìhà àríwá tí a há àwọn baba ńlá wọn mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ láti la ọ̀nà ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ará ibẹ̀ sì ń ṣí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ó mú ṣọ́bìrì, díígà àti bárò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ láti Brochel. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́ta. Ó gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó parí, òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó kù ní Arnish.

Ó kú ní 1988. Ọ̀nà náà ti ní ọ̀dà báyìí, àwọn àlejò sì ń lọ wò ó. Èmi náà gbà á kọjá ní ọjọ́ kejì, nínú ọkọ̀ tí mo háyà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.