Ìgbẹ́kẹ̀lé Láàrin Olórí àti Àwọn Òṣìṣẹ́

Ìbéèrè kan wà tí kì í yé dààmú ẹni tí a bá fi ṣe olórí iṣẹ́, ìbáà ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe alága ìgbìmọ̀ ìjọ, ìbáà ṣe ọ̀gá àwọn kápẹ́ńtà. Ìbéèrè náà nìyí: báwo ni olórí yóò ti ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ kò sì ní í bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?

Àwọn baba wa ti fi ìdáhùn kan lélẹ̀ nínú àáró. Ní Ìkáràm níhìn-ín àti ní Àkókó yíká, a mọ bí àwọn àgbẹ̀ ti í ṣe é: lónìí wọn a kọ ebè ní oko ẹnìkan, lọ́la wọn a lọ sí ti ẹlòmíràn. Kò sí ìwé àdéhùn níbẹ̀. Ẹni tí a kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ ìbá lè sá, ṣùgbọ́n ojú a máa tì í, nítorí pé ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e àti òun tìkára rẹ̀ ni wọ́n jùmọ̀ lo ọkọ́ nínú oòrùn kan náà. Ìṣòro a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá tóbi ju ibi tí ojú olórí lè rí lọ.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a fi lé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther lọ́wọ́. Ní ọdún 1857 ni a dá iṣẹ́ Ìyìnrere sílẹ̀ ní Onitsha, létí odò Ọya. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, gbà pé ọmọ Áfíríkà tó ẹni tí í ṣe olórí ìjọ ilẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ẹnu lásán ni ó fi gbà á, nítorí pé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Àwọn adúláwọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Sàró wá, ni ó fi sí ibùdó bí Onitsha, Lokoja, Bonny àti Brass.

Kí a má ṣe fi òtítọ́ pamọ́: àléébù wà nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ibùdó jìnnà sí ara wọn. Bíṣọ́ọ̀bù kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn bí kò bá rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan sì hu ìwà tí kò yẹ. Àwọn kan tilẹ̀ wí pé ọkàn bíṣọ́ọ̀bù rọ̀ jù láti bá wọn wí. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé òṣìṣẹ́ tí kò sì bẹ̀ ẹ́ wò dà bí àgbẹ̀ tí ó gbin ọkà tí kò padà lọ wo oko.

Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àtúnṣe tí a ṣe. Venn kú ní ọdún 1873. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí a rán wá jókòó ní Onitsha nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò owó iṣẹ́ náà, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ dúró lójú bíṣọ́ọ̀bù, arúgbó tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1892 àwọn ìjọ Delta, tí ọmọ rẹ̀ Dandeson ń ṣe olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í dá bùkátà ara wọn gbọ́. Ní ọdún 2014 ni Àgbà Bíṣọ́ọ̀bù Justin Welby tọrọ ìdáríjì ní Canterbury nítorí ohun tí a ṣe sí i. Ọdún 124 ni ó wà láàrin ìpàdé Onitsha àti ẹ̀bẹ̀ náà.

Kì í ṣe pé wọ́n wádìí ni ó burú. Ohun tí ó burú ni pé wọ́n ti dá ẹjọ́ tán nínú ọkàn wọn kí wọ́n tó béèrè, wọ́n sì tìtorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn díẹ̀ fura sí gbogbo wọn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Àwa tí a ń kọ̀wé yìí kò mọ́ nínú ẹ̀bi náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, olùkọ́ kékeré kan pẹ́ láti mú ìṣirò owó òrùlé wá. A sọ ọ́ fún ẹni méjì kí a tó bi òun léèrè. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé ó ti fi owó náà ra páànù pé, àti pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ kápẹ́ńtà. A bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ tí a bá rán an nìkan ni ó ń jẹ́. Kò tún mú ìmọ̀ràn kan tọ̀ wá wá mọ́. Owó kò sọnù. Ọkàn òṣìṣẹ́ ni a sọ nù.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, kí ẹ sì fún un ní ohun èlò àti àṣẹ tí yóò fi ṣe é. Ẹ máa bẹ̀ ẹ́ wò ní gbangba bí olùrànlọ́wọ́, kì í ṣe bí amí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, etí rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ̀bi, ẹ bá a wí. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì ni a fi í fà á mọ́ra. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ṣìnà, ẹ jẹ́wọ́ níwájú àwọn tí ẹ ti bà á jẹ́ lójú wọn. Èyí ni àwa kò ṣe nígbà náà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ fi hàn pé òun ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ná. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá ní kí a kọ́kọ́ wá sí oko òun, àáró kò lè bẹ̀rẹ̀ láé. Ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ gbé ọkọ́ lọ sí oko ẹnìkejì, ẹni tí agbára sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣe é. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n àti ìrẹ̀lẹ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀.