Ta Ni Yóò Jẹ́jọ́ Rẹ̀? Ẹ̀rọ Ọgbọ́n Àtọwọ́dá, Ìpín Ogún àti Èrò Donald Knuth

 

Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ̀yin àáfà àti ẹ̀yin ọmọ ilé kéú, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpín ogún kan. Obìnrin oníṣòwò kan kú láìfi ọmọ sílẹ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, kò sì ní arákùnrin. Àwọn tí ó kù tí wọ́n lè jogún rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà. Nígbà tí wọ́n ti yọ owó ìsìnkú, tí wọ́n sì ti san gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, ₦2,100,000 ni ó ṣẹ́ kù. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá mi, mo sì gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé kéú wa, ẹni tí ó ti ka Risālah Ibn Abī Zayd dé ibi ọ̀rọ̀ ogún, pé kí ó kọ́kọ́ ṣe é wò. Kò pẹ́ rárá tí ó fi padà dé. Ìwé tí ó mú wá mọ́ tónítóní: ọkọ gba ìdajì, ₦1,050,000, àwọn obìnrin méjèèjì pín ìdajì tí ó kù, ₦525,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó tún fi hadīth kan tì í lẹ́yìn, tí ó ní inú Ṣaḥīḥ al-Bukhārī ni ó wà, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ta ni ó ṣírò èyí?"

Ó ní, "Àáfà, ẹ má bínú. AI orí fóònù mi ni mo bi léèrè."

N kò bá a jà. Ẹni tí ó bá ní òun kò mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí àwọn kan nínú àwa tí a ń gun mínbárì sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún kútúbà jímọ̀, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. A jókòó, a yẹ ìwé náà wò. Hadīth náà kò sí lábẹ́ nọ́ńbà tí ó kọ síbẹ̀, kò sí níbòmíràn nínú al-Bukhārī, n kò sì rí i nínú èyíkéyìí nínú àwọn ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìyẹn kò ṣòro láti mọ̀. Ìṣirò owó náà ni ó gba ìjókòó.

Àlùkùránì fún ọkọ ní ìdajì nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kò bá fi ọmọ sílẹ̀ (an-Nisāʾ, ẹsẹ̀ 12), ó sì fún arábìnrin méjì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta (ẹsẹ̀ 176 nínú sūrah kan náà). Bí a bá fi 6 ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò, 3 ni ti ọkọ, 4 ni ti àwọn arábìnrin. Àpapọ̀ rẹ̀ di 7, ìpín sì ju ohun tí a fẹ́ pín lọ. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ʿawl: ìpìlẹ̀ náà yóò gòkè láti 6 sí 7, àdínkù yóò sì kan olúkúlùkù ní ìwọ̀n ìpín rẹ̀. Ọkọ yóò gba 3 nínú 7, èyí tí í ṣe ₦900,000. Arábìnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba 2 nínú 7, èyí tí í ṣe ₦600,000. Wọ́n gbà á wá pé irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ọkọ àti arábìnrin méjì, ni ó délẹ̀ ní àsìkò ʿUmar ibn al-Khaṭṭāb, tí ó fi pe àwọn sàábé jọ láti gbìmọ̀, tí wọ́n sì fi ẹnu kò sí ʿawl. Orí rẹ̀ ni madhhab mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, ti Mālik tí a ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ wa sì wà lára wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìmọ̀ ogún yóò ti máa sọ pé: Ibn ʿAbbās ńkọ́? Òótọ́ ni. Ibn ʿAbbās kò gba ʿawl. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ìpín rẹ̀ máa ń yí padà di gbígba àṣẹ́kù nígbà mìíràn, bí arábìnrin tí arákùnrin bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ni kí àdínkù náà bọ́ lé lórí. Bí a bá tẹ̀lé ìyẹn, ọkọ yóò gba ìdajì rẹ̀ ní pípé, àwọn arábìnrin yóò sì pín ìyókù. Iye tí ẹ̀rọ náà kọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn! Nígbà tí ọmọ náà gbọ́ èyí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rò pé òun ti rí alágbàwí.

Mo ní kí ó farabalẹ̀ ná. Ibn ʿAbbās sọ tirẹ̀, ó sì mọ ẹni tí òun ń yàtọ̀ sí. Wọ́n bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ lójú ayé ʿUmar, ó sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ọlá ʿUmar ni ó ba òun. Ó mú ẹ̀rí rẹ̀ jáde, ó sì ní òun ṣe tán láti bá ẹnikẹ́ni tí ó bá tako òun ṣe mubāhalah lórí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní orúkọ, a mọ̀ wọ́n, a sì mọ àwọn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Nínú ohun tí ẹ̀rọ náà kọ, kò sí ibi tí ó ti fi hàn pé àwọn onímọ̀ yàtọ̀ lórí rẹ̀, kò dárúkọ Ibn ʿAbbās, kò sì mẹ́nu ba ʿUmar. Ó kọ iye owó, ó sì fi hadīth tí kò sí gbè é nídìí. Iye kan náà ni ti Ibn ʿAbbās àti tirẹ̀. Ẹnì kan fi ọrùn ara rẹ̀ sábẹ́ ti àkọ́kọ́, kò sí ọrùn kankan lábẹ́ èkejì.

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹnì kan wà tí ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Donald Knuth ni orúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1938, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti fẹ̀yìn tì ní yunifásítì Stanford, ẹlẹ́sìn Kìrìsìtẹ́nì ti ìjọ Luther. Apá kìn-ín-ní ìwé ńlá rẹ̀ lórí kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, The Art of Computer Programming, jáde ní 1968. Ó gba Ẹ̀bùn Turing ní 1974. Iṣẹ́ ìwé náà sì ti gbà á ju ọgọ́ta ọdún lọ. Àwọn kan yóò ní kí ló kàn wá pẹ̀lú Nàsárà. Ọ̀pọ̀ ni yóò sì fi hadīth tí ó sọ nípa ọgbọ́n àti onígbàgbọ́ dáhùn, èyí tí at-Tirmidhī fúnra rẹ̀ pè ní gharīb tí ó sì tọ́ka sí àìlágbára ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n gbà á wá. N kò ní dúró lórí ìyẹn. Ohun tí mo dúró lé ni pé ní ọjọ́ hijrah, Ànábì wa gba amọ̀nà tí kì í ṣe Mùsùlùmí, nítorí pé ó mọ ọ̀nà, ó sì ṣeé fi ọkàn tán.

Knuth pàápàá mọ ẹni tí òun jẹ ní gbèsè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, òun àti Andrei Ershov pe àwọn onímọ̀ jọ sí Urgench, ní agbègbè Khwārizm ní ilẹ̀ Uzbekistan, láti fi bu ọlá fún Muhammad ibn Mūsā al-Khwārizmī, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà "àlígọ́rídímù" ti ara orúkọ rẹ̀ wá. Baghdād ni al-Khwārizmī ti ṣiṣẹ́, ní àsìkò Khalīfah al-Maʾmūn (813 sí 833). Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kéú wa mọ èyí dáadáa: apá ńlá nínú ìwé rẹ̀ lórí al-jabr ni ó dá lórí wàsíyà àti ìpín ogún. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé ìṣirò ogún fún àlígọ́rídímù, ilé bàbá rẹ̀ ni ó dá a padà sí. Kò sí èèwọ̀ nínú pé kí ẹ̀rọ báni ṣírò.

Ọ̀nà tí Knuth gbà ń lo irinṣẹ́ àti bí ó ṣe ń ṣe wọ́n ni ó yẹ kí a wò. Ní 1977, wọ́n fi bí ìtẹ̀jáde tuntun apá kejì ìwé rẹ̀ yóò ṣe rí hàn án, ó rí i pé kò dára lójú, ó sì pa ìwé kíkọ tì láti ṣe irinṣẹ́ ìtẹ̀wé tirẹ̀, èyí tí ó pè ní TeX. Ó rò pé iṣẹ́ ọdún kan ni. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ó gbà á. Ní 1987, òun àti Pierre MacKay kọ̀wé lórí bí irinṣẹ́ náà yóò ṣe máa to èdè tí a ń kọ láti ọ̀tún, bí èdè Lárúbáwá, pọ̀ mọ́ èyí tí a ń kọ láti òsì. Ẹni tí ó bá rí àṣìṣe nínú ìwé rẹ̀, dọ́là 2.56 ni ó ń kọ sí i lórí ìwé sọ̀wédowó. Láti 2008 ni ó ti sọ ọ́ di ìwé ẹ̀rí, nítorí àwọn olè orí báńkì. Kò pa àṣìṣe inú TeX mọ́ lábẹ́ ẹní: ó kọ gbogbo wọn sílẹ̀, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1989. Ó tilẹ̀ ti sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí TeX lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí i padà mọ́. Mélòó nínú àwa tí a ń ṣe wáásí lórí wàsíyà ni ó ti kọ tirẹ̀?

Èrò rẹ̀ nípa ètò kọ̀ǹpútà, èyí tí ó kọ jáde ní 1984, ni pé ènìyàn ni kí a kọ ọ́ fún kí ó tó kan ẹ̀rọ: kí ẹni tí ó kọ ọ́ ṣàlàyé ìdí ohun tí ó ṣe, kí ẹlòmíràn lè kà á kí ó sì mọ ibi tí ó ti ṣìnà. Ẹni tí ó bá ti jókòó níwájú àáfà tí ń mú dalīl wá fún gbogbo fatwā yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Knuth kọ ogún ìbéèrè, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá òun bi ChatGPT. Àwọn ìdáhùn kan dára, àwọn mìíràn jẹ́ àròsọ. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni bí ohùn ìdánilójú tí ẹ̀rọ náà fi ń sọ̀rọ̀ ṣe ń jẹ́ kí àròsọ dà bí ohun tí a wádìí, débi pé ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ kò ní fura. Ó ní òun yóò fi ìwádìí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, òun yóò sì fi àsìkò òun sí ohun tí ó jẹ́ ojúlówó tí ó sì ṣeé fi ọkàn tán. Ṣaḥīḥ àti thiqah ni àwa ń pe méjèèjì!

Kò dúró síbẹ̀. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2026, ó kọ ìwé kúkúrú kan pẹ̀lú ìyàlẹ́nu àti ayọ̀. Ìṣòro ìṣirò kan tí ó ti ń bá fà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e fún Claude, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Anthropic, ẹ̀rọ náà sì rí ọ̀nà kan tí ó ṣiṣẹ́ fún àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Àgbàlagbà tí ó ti ń lọ sí ẹni àádọ́rùn-ún ọdún yìí sọ ní gbangba pé òun yóò ní láti tún èrò òun wò. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà. Kò tẹ ọ̀nà náà jáde lórí ẹnu ẹ̀rọ. Òun fúnra rẹ̀ jókòó, ó kọ ẹ̀rí rẹ̀ ní ẹsẹ̀-kò-gbọdọ̀-yẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni ó sì wà lórí ìwé náà. Tabayyun tí Ọlọ́hun pa láṣẹ nínú al-Ḥujurāt, ẹsẹ̀ 6, pé kí a wádìí ìròyìn kí a má baà ṣe àwọn ènìyàn kan ní ibi láìmọ̀, ohun tí ó ṣe yìí bá a mu.

Nípa ìgbàgbọ́, ọ̀nà wa yà. Nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ní MIT ní 1999, tí ó di ìwé ní 2001, Knuth kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì gbà pé ẹ̀rí ìṣirò lè dé ibi gbogbo. Àwa ní tiwa gbà pé Ọlọ́hun fi àmì sínú ẹ̀dá fún ẹni tí ó bá ní làákàyè, Ó sì mọ́ kúrò nínú ohun tí àwọn Nàsárà fi ń kẹ́gbẹ́ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ẹni tí yóò jíhìn, n kò rí ìjà láàárín wa. Nínú al-Aḥzāb, ẹsẹ̀ 72, Ọlọ́hun sọ fún wa pé sánmà, ilẹ̀ àti òkè kọ̀ láti gba àmánà, ènìyàn sì gbà á. Ṣílíkọ̀nù tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, inú yanrìn àti òkúta ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Òkè ti sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwa ni a tún ń gbé ẹrù náà padà fún un. Kò sí taklīf lórí ẹ̀rọ. Kò ní dhimmah. Bí ó bá ṣi ogún pín, kì í ṣe òun ni àwọn ọmọ òrukàn yóò dì mú ní Àlùkìyámọ̀.

Wọ́n gbà á wá pé Imām Mālik (ẹni tí ó kú ní 179 Hijrah, 795) gbọ́ ìbéèrè 48 ní ìjókòó kan, ó sì sọ pé òun kò mọ̀ lórí 32 nínú wọn. Ẹni tí ó rin ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn wá bá a kò ní fẹ́ràn ìyẹn. Ẹ̀rọ kì í sábà já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ máa ń tètè dé. Àwa àáfà náà mọ adùn kí a má rán oníbèéèrè padà lọ́wọ́ òfo, pàápàá tí ó bá gbé sárà dání.

Mo ní kí ọmọ náà pa fóònù rẹ̀ dé, kí ó ṣí Risālah, kí ó ka ibi ọ̀rọ̀ ʿawl, kí ó sì tún un ṣe. Ó kọ 6, ó gbé e lọ sí 7, ó kọ ìpín olúkúlùkù. Lẹ́yìn èyí ni mo gbà á láyè pé kí ó tún bi ẹ̀rọ náà léèrè, kí ó dárúkọ ʿawl fún un. Ó sì mú ìṣirò tí ó tọ́ jáde. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, èmi yóò sì fi tèmi sí i lẹ́yìn tirẹ̀. Ó di kálàmù mú fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Àáfà, tí mo bá ṣì í ńkọ́?"

Mo ní kí ó tún un ṣírò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣe é, ó sì kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ Àìkú, a kó ìwé náà lọ sílé olóògbé. Ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó ti gbọ́ pé ìdajì ni ti òun, ní kí a ṣàlàyé ibi tí ₦150,000 yẹn lọ. Ọmọ náà ni ó dá a lóhùn.

Wallāhu aʿlam.