Ta Ni Ó Ni Ohun Tí Tọkọtaya Jọ Kó Jọ?

Kì í ṣe láti ti ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́yìn ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ Kátíkísímù ni ó mọ ohun tí Olúwa wí nípa àwọn tí Ọlọ́run ti so ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n a kò lè di ojú wa sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú àti nínú ìjọ: tọkọtaya ń pínyà, àti ní ọjọ́ tí wọ́n bá pínyà, ìjà ẹrù a máa le ju ìjà ọ̀rọ̀ lọ. Nítorí náà ó tọ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ti ọkọ, kí sì ni ti aya?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti Ìbèṣè, ní etí ọ̀sà ní ilẹ̀ Ìkòròdú. Ká ní apẹja kan wà níbẹ̀ tí ó gbéyàwó nígbà tí kò ní ju àwọ̀n kan lọ, tí ó sì ń yá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ọkọ a wọ odò lóru. Aya a gba ẹja ní èbúté ní òwúrọ̀, a yan án lórí ààrò títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n fún èéfín, a sì gbé e lọ sí ọjà. Nínú owó ẹja náà ni wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń san owó ilé ìwé ọmọ, tí ọkọ sì ti ra ọkọ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, ìjà dé, aya sì ń lọ. Ọkọ wí pé, “Èmi ni mo ra ọkọ̀.” Aya wí pé, “Èéfín tí ó wọ̀ mí lójú ni ó rà á.” Ta ni ó sọ òtítọ́? Àwa rò pé àwọn méjèèjì ni.

Àwọn baba wa kò ṣe aláìní ìlànà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, owó tí obìnrin bá fi òwò rẹ̀ pa, tirẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí obìnrin tí ó ní ọkọ bá ṣiṣẹ́ pa, ti ọkọ rẹ̀ ni lójú òfin, títí òfin ọdún 1870 àti ti ọdún 1882 fi tú u sílẹ̀. Ní ti èyí, àwọn ìyá wa alájàpá ti ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n àṣà náà ní àléébù. Bí obìnrin bá kọ ọkọ, owó ìdána tí a ó dá padà ni kóòtù ìbílẹ̀ máa ń béèrè. Ilé àti ilẹ̀ di ti ọkọ àti ẹbí rẹ̀. Àṣà mọ tìrẹ, ó mọ tèmi. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ tiwa.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1970 lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ní ẹsẹ 72 rẹ̀, ó fún adájọ́ ní àṣẹ láti pín ohun ìní fún ọkọ, aya àti ọmọ bí ó bá ti rí i pé ó tọ́ tí ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba ni ó wà fún. Ẹni tí a fi ìdána nìkan gbé níyàwó kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1992, nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, obìnrin kan wí pé òun ran ọkọ òun lọ́wọ́ láti kọ́ ilé; Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dáhùn pé ó yẹ kí ó fi irú ìrànlọ́wọ́ náà àti iye rẹ̀ hàn. Adájọ́ kò ṣìṣe láti béèrè ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ni ó ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ fún ọbẹ̀ tí ó sè?

Níbi tí òfin dúró sí ni ẹ̀rí ọkàn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé Diutarónómì, a pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé bí wọ́n bá dá ẹrú sílẹ̀ ní ọdún keje, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Bí ẹrú kò bá gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, mélòó-mélòó ni aya tí ó bí ọmọ fún wa? Ẹnìkan lè béèrè pé: bí ó bá jẹ́ obìnrin náà ni ó ṣẹ̀ ńkọ́? A dáhùn pé ìbáwí ẹ̀ṣẹ̀ yàtọ̀ sí owó iṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ òní kò sọ iṣẹ́ àná di ọ̀fẹ́. Bákan náà ni aya tí ó palẹ̀ ilé mọ́ lóru nígbà tí ọkọ wà lórí omi ṣe jẹ́ olè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni a ṣẹ̀.

Nígbà tí Ábúráhámù àti Lọ́ọ̀tì fẹ́ pínyà, Ábúráhámù ni àgbà, òun ni ó ní àṣẹ. Síbẹ̀ ó ní kí Lọ́ọ̀tì kọ́kọ́ yàn. Kò sọ ọ́ di aláìní. Ìlànà náà ni a fi lélẹ̀: ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ yọ̀ǹda.

A kò lè fi ayùn gé ọkọ̀ apẹja sí méjì. Kí ọkọ mú un, kí ó máa fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó ilé ìwé ọmọ sọ́tọ̀, kí ó sì fún aya ní owó okòwò tí ó tó láti bẹ̀rẹ̀ ọjà rẹ̀ ní ibòmíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì gbéyàwó, ẹ kọ́ láti máa sọ ọ̀rọ̀ owó ní gbangba nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà, nítorí ẹnu tí ó ń bínú kò mọ ìṣirò. Bí a bá sì ń jà, bí i ti ká kú kọ́.