Odò Kì Í Kún Bo Ẹja Lójú

Àwọn àgbà ní odò kì í kún bo ẹja lójú. Òótọ́ ni. Ojú apẹja ni odò máa ń bò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìwọ̀ létí odò Ògùn tàbí Ọ̀yán fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìwọ̀ sílẹ̀, kó wo omi. Ibo ló ti ń ṣàn kíkan, ibo ló ti dákẹ́? Ìwọ ọmọ tuntun nídìí iṣẹ́ yìí, jí dé odò, tàbí kí o dúró di ìrọ̀lẹ́, kí o má sì jẹ́ kí òjìji rẹ bọ́ sójú omi. Ẹja á ti rí ọ kí o tó rí i.

Ohun èlò kò pọ̀: ọ̀pá, okùn ọ̀rá, ìwọ̀, òjé díẹ̀, àti ekòló. Ẹnu epìyà kéré, nítorí náà ìwọ̀ kékeré ni tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀ ni àrọ̀ fẹ́ràn, òru ló sì máa ń jẹ̀ jù. Bí o bá fà á jáde, má torí ayọ̀ gbá a mú o: ẹ̀gún mímú wà nínú lẹbẹ apá rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yìn orí ni kí o ti dì í mú, kí ìka rẹ wà lẹ́yìn ẹ̀gún náà.

Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù ni kéèyàn mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀. Nígbà òjò, àrọ̀ máa ń wọ orí ilẹ̀ tí àkúnya bò láti yé ẹyin, ọwọ́ lásán sì lè kó wọn níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á ní oríire ni! Rárá o, fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n yé ẹyin wọn. Epìyà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú irú wọn ló máa ń tọ́jú ẹyin àti ọmọ sẹ́nu. Bí o bá fa ọ̀kan jáde, tí ọmọ wẹ́wẹ́ ń tú lẹ́nu rẹ̀, dá a padà somi kíá.

Àwọn tó ń da Gamalin, oògùn kòkó, sódò láti fi pẹja, n kò lórúkọ kan fún wọn tí kò ní jẹ́ èébú. Májèlé kò mọ ẹja ńlá yàtọ̀ sí ọmọ ẹja, ẹni tó sì ra ẹja náà lọ́jà ni yóò gbé ìyókù rẹ̀ mì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1992 lórí ẹja inú odò ka májèlé, ohun abúgbàù àti iná mànàmáná léèwọ̀. Eèwọ̀ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnikẹ́ni kì í pẹja níbẹ̀ rárá.

Kí o tó ju ìwọ̀ sódò tí kì í ṣe ti ìlú rẹ, wá àwọn apẹja ibẹ̀ lọ, kí o bi wọ́n ní eèwọ̀ odò náà. Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ sílé lọ́jọ́ náà, máa lọ.